Ohun Tí Mo Sọ fún Ọ Nípa Bíríkìlà

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní, 1993

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àìrí ara ẹni. Ṣé ara yín le? Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ yín ṣì ń pariwo débi pé àwọn ará ojú pópó ń fi mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́? Èmi wà dáadáa. Èmi àti òtútù ìlú òyìnbó la jọ ń jà, òun ló sì ń dá mi.

Ìròyìn kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ṣáájú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti mú mi kúrò nídìí ìgbálẹ̀! Ẹ rántí àjọ tí mò ń gbá ọ́fíìsì wọn, àwọn tó ń ran àdúgbò tí nǹkan ò rọrùn fún lọ́wọ́ káàkiri. Ọ̀gá mi obìnrin ká mi mọ́bi tí mo ti ń ka ìwé wọn dípò kí n dà á nù. Mo ti ń múra àtibẹ̀bẹ̀, àfi bó ṣe fa àga jáde tó ní kí n jókòó. Ní báyìí, mo ní tábìlì tèmi, pẹ̀lú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ fi dán mi wò.

Wọ́n tún ní kí n máa lọ kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lórí bí a ṣe ń mú àdúgbò gòkè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùkọ́ bi wá ni pé, kí ni àdúgbò? Mo ní àwọn tó ń gbé ojú kan náà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ewúrẹ́ náà ń gbé ojú kan náà. Ó ní kí kálukú lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Ẹ̀yin ni mo mọ̀, Màámi. Ẹ̀yin lakọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò. Ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é fún mi, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì, 1993

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo sì kí ọ kú oríire tábìlì tuntun. Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó gbé aṣọ wá pé ọmọ mi ti ní dúrọ́ọ̀ tó ń tì. Ẹnì kan ní kí ni mo rò pé o fẹ́ tì mọ́ inú ẹ̀. Mo ní ìlara rẹ̀ ni.

Olùkọ́ rẹ ń béèrè ohun tí àdúgbò jẹ́? Kó wá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà fún ọ̀sẹ̀ kan, etí rẹ̀ á sọ fún un. Ṣùgbọ́n torí pé ìwọ lo bi mí, màá gbìyànjú.

O mọ kòtò àgbàrá tó wà níparí àdúgbò wa, èyí tó gé wa kúrò lára títì àti ilé ìwòsàn. Lọ́dún méjì sẹ́yìn tí ìyàwó wẹ́dà ń rọbí, inú omi tó dé ìbàdí ni wọ́n gbé e gbà. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ gígùn. Káfíńtà kàn béèrè pé ta ló ní kí ni. Wẹ́dà ní òun ní irin ara ọkọ̀ àlòkù. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ní pákó. Àwọn obìnrin ní àwọn ní orí tí àwọn lè fi ru iyanrìn. Èmi ní ohun tí mo ní ò ju abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n ní kí n rán àpò tí a máa fi iyanrìn kún láti dènà omi. Ibẹ̀ ni orúkọ Ìyá Abẹ́rẹ́ ti rọ̀ mọ́ mi lára. Gbogbo Sátidé la ń pàdé níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèǹgbè. Afárá wa ti dé ìdajì báyìí.

Wàá béèrè ẹni tó ń mọ ọ́n. Bíríkìlà ni, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ó-kù-díẹ̀, nítorí ìdáhùn tó ń fún gbogbo ẹni tó bá béèrè ìgbà tí iṣẹ́ máa parí nìyẹn. Ó dáa, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọtí ló fi ń fọ ẹnu láàárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ afárá tó kọ́kọ́ mọ, ṣe ló tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí ò kàn án. A ò mọ bá a ṣe máa sọ ọ́. Tí a bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, a ti sin ín nìyẹn.

Ohun tí a wá ń ṣe ni pé, tó bá ti di Sọ́ńdè, á lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Bó bá ti yí kọ́nà báyìí, èmi àti wẹ́dà àti káfíńtà á sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. A ó tú ìlà búlọ́ọ̀kù tó wọ́, a ó na okùn, a ó tún un tò. Tó bá wá di Sátidé, á dé, á fọwọ́ pa á lára, á ní, “Ẹ wò ó bó ṣe gún! Ọwọ́ yìí ò tíì gbàgbé iṣẹ́.” Gbogbo wa á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọdé àdúgbò yìí mọ̀, àgbà mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ. Ṣé o mọ ohun tó wá ṣẹlẹ̀? Kì í mu ọtí ní Fúráìdè mọ́, kí ojú rẹ̀ lè mọ́ fún iṣẹ́. Ní oṣù tó kọjá, Sọ́ńdè méjì la lọ síbẹ̀ tí a ò rí nǹkan kan tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí, èmi àti ìwọ ló mọ o. Má jẹ́ kó bọ́ síta.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ

*

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, 1993

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ iyanrìn. Lẹ́tà yín pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì pa mí lẹ́kún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọkọ̀ tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ jókòó dáadáa kẹ́ ẹ tó ka èyí. Ọ̀gá mi ní òṣìṣẹ́ tuntun kọ̀ọ̀kan lè mú àdúgbò kan wá tí àjọ á ràn lọ́wọ́. Mo mú tiwa! Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n sì ti gbà á. Afárá oní-kọnkéré, pẹ̀lú irin lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kò sẹ́ni tó tún máa rọbí nínú omi mọ́, Màámi. Ẹ ò sì ní í lo gbogbo Sátidé yín nínú kòtò mọ́.

Olùkọ́ wa ní ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń mú àdúgbò gòkè. Àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí àdúgbò náà ò ní, àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ní. Ó fẹ́ràn èkejì. Fọ́ọ̀mù tiwa ò sì béèrè èkejì, mo kàn fi ohun tó béèrè dá a lóhùn.

Àwọn òṣìṣẹ́ wa tó wà lọ́hùn-ún máa wá wo ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó bá wọn lójijì, kí inú wọn lè dùn.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ ogún, oṣù kẹrin, 1993

Ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà?

Àwọn ènìyàn yín ti wá. Ọkùnrin méjì, obìnrin kan, pẹ̀lú téèpù tó gùn ju gbogbo aṣọ tí mo ti rán láyé mi lọ. Wọ́n wọn kòtò, wọ́n wọn títì, wọ́n kọjá lára afárá wa bí ẹni pé ìdọ̀tí tí àgbàrá gbé wá ni. Káfíńtà kí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀kan nínú wọn ní kó jọ̀ọ́ kó sún kúrò níbi tí àwọn fẹ́ wọ̀n.

Mo dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí o ṣe ní kí n ṣe, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Bíríkìlà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Ìyá Abẹ́rẹ́, àwọn wo nìyẹn?” Mo ní mi ò mọ̀. Èmi akọ̀wé! Irọ́ ni mo pa fún un, mo sì ń wo bọ́tìnnì tí mò ń rán kí n má baà wo ojú rẹ̀.

Kí lo kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn? Ṣé o sọ fún wọn pé iṣẹ́ wa ti dé ìdajì? Wọ́n ti pe ìpàdé sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù tó ń bọ̀. Tètè fèsì kí n lè mọ ohun tí màá sọ.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, 1993

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé èsì pẹ́. Iṣẹ́ ọ́fíìsì yìí, bí mo ṣe ń kó ìwé kan kúrò ni òmíràn ń dé. Ìpàdé náà á ti kọjá báyìí, mo sì mọ̀ pé ó lọ dáadáa.

Ẹ má da ara yín láàmú nítorí fọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì lásán ni, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Afárá ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Tó bá ti parí, kí gbogbo yín dúró lórí rẹ̀, kí wọ́n ya yín ní fótò. Kí gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí Ó-kù-díẹ̀ dúró níwájú. Ọ̀gá mi fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri, ní ọ̀kánkán tábìlì mi gan-an.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹjọ, 1993

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé. Ó lé ní oṣù mẹ́ta tí mo ti rí ìwé yín gbẹ̀yìn. Mo kọ́kọ́ rò pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Mo rò pé ara yín ò yá, mo tiẹ̀ ń gbààwẹ̀ nítorí yín.

Lánàá ni ọ̀gá mi pè mí wọlé. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí afárá, ẹnì kan ò yọjú ní àdúgbò wa, fèrèsé gbogbo wà ní títì. Ó ní wọ́n ní kẹ́ ẹ yan ìgbìmọ̀ tí á máa tọ́jú rẹ̀, ẹ kọ̀. Ó wá gbé ìwé kan síwájú mi, ìwé tí àdúgbò fi sọ pé àwọn ò ní nǹkan kan bá àjọ náà ṣe mọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni mo dá ìkọ̀wé ẹni tó fọwọ́ sí i ṣáájú mọ̀. Ìkọ̀wé tó kọ́ mi ní A, B, D.

Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ yìí, ìgbálẹ̀ ni mo tún dì mú, mo sì gbá abẹ́ tábìlì tó jẹ́ tèmi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mi ò mọ̀ pé ìyá mi ni ikú ilé náà. Ta ni mo ṣe é fún, Màámi? Ta ni mo ṣe gbogbo rẹ̀ fún?

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án, 1993

Ọmọ mi,

Mo kí ọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ lẹ́tà sí ọ tí mo ya á. Èyí ni mi ò ní í ya. Ó dùn mí pé wọ́n gba tábìlì rẹ. Èmi ni mo bí ọ, kò sí bí kò ṣe ní í dùn mí. Wàyí o, fetí sílẹ̀.

Ní ìpàdé ọjọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò ló wá. Bíríkìlà fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó jókòó síwájú, nítorí ó rò pé wọ́n máa fi òun ṣe olórí àwọn tó máa parí iṣẹ́. Obìnrin tó ṣojú àjọ yín dìde. Èèyàn dáadáa ni, kò mọ ohun tó dì mọ́wọ́. Ó ní kí a lè mọ̀ pé àwọn gbọ́ tẹnu wa kí àwọn tó wá, òun á ka ohun tí a fúnra wa sọ. Ó gbé ìwé sókè. “Láti ẹnu aránṣọ tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́,” ló wí. Ó wá ń kà á lọ. “Bíríkìlà wa, ọtí ló fi ń fọ ẹnu láàárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ohun tó bá mọ, ṣe ni a ń tú u lẹ́yìn rẹ̀ tí a ń tún un tò.”

Ibẹ̀ lo dá a dúró sí. Mo dúró kó ka ìyókù, pé kì í mu ọtí ní Fúráìdè mọ́, pé Sọ́ńdè méjì ti kọjá tí a ò rí nǹkan tún ṣe. Ó ká ìwé rẹ̀.

Bíríkìlà dìde, ó yíjú sí wẹ́dà, ó ní, “Gbogbo ọ̀sẹ̀?” Wẹ́dà ń wo bàtà rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, “Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ kẹrin ńkọ́? Èyí tí mo fi Sátidé méjì mọ. Ṣé ẹ tú ìyẹn náà?” Ẹsẹ̀ kẹrin wà lára àwọn tí a ò fọwọ́ kàn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo búra. Ó wò mí títí, mo sì rí i pé kò gbà mí gbọ́, kò sì sí ìdí kankan tó fi yẹ kó gbà mí gbọ́ mọ́. Ó ní, “Ẹ ṣeun.” Ó lọ sílé. Kò bú mi. Ì bá bú mi.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ yín fi ẹ̀rọ wó ohun tí a fi ọdún méjì mọ, láàárín àárọ̀ kan. Afárá yín dára, mi ò ní í purọ́. Kì í mì. Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tú báyìí. Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ò ju ìṣísẹ̀ ogójì lọ síbẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ irin yẹn kọjá. Ó ní kí àwọn tó ni ín wá jó o.

Ìwé tí o ní mo fọwọ́ sí ṣáájú, àwọn ará àdúgbò ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kó lè dá wọn lójú pé mi ò sí lẹ́yìn rẹ. Mo fọwọ́ sí i. Bí mo bá dé ìdí ẹ̀rọ omi báyìí, gbogbo wọn ló ń kí mi, ọ̀rọ̀ á sì yí sí ti òjò. Àwọn tó ń sọ fún mi iye ìgbà tí ọkọ wọn hanrun!

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwọ, iṣẹ́ ọmọ ni mo rán ọ, o fi tẹrú jẹ́ ẹ. Ṣé o gbàgbé ẹni tó tún ògiri wa mọ nígbà tó wó lọ́dún tí bàbá rẹ kú? Èyí tí o máa ń fẹ̀yìn tì ka ìwé? Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn kọ́ ni?

Sọ fún olùkọ́ rẹ pé mo ti rí ìdáhùn rẹ̀. Àdúgbò ni àwọn tó mọ àléébù rẹ tí wọn ò sọ ọ́ síta. Mo ti wà nínú ọ̀kan rí.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, 1993

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, èyí tó bá tọ́ nínú méjèèjì. Ẹ má pa ìwé mi tì láì kà á tán.

Mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀. Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀, mo pa á rẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ yín ni mo kọ, àti ti Fúráìdè, àti ti Sọ́ńdè méjì yẹn. Ọ̀gá mi kà á, ó ní ó dára, ó kàn gùn. Ó fi bírò yí apá kan po, ó ní èyí ló máa wọ àwọn tó ń dáwó fún àjọ lára. Ó bi mí bóyá ó burú tí òun bá yọ ìyókù. Mo rántí pé ẹ ní kó má bọ́ síta. Mo rántí rẹ̀ bí mo ṣe jókòó níwájú ọ̀gá mi, Màámi. Mo tún wo tábìlì mi láti ojú gíláàsì. Mo ní kò burú.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Kò sẹ́ni tó tàn mí.

Mo fi ìwé kan sínú èyí fún bíríkìlà. Ẹ bá mi fún wọn. Mo kọ gbogbo ohun tí mo yọ kúrò síbẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ kẹrin yẹn, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi. Ẹ kọ ìwé gígùn kẹ́ ẹ fi bú mi, kẹ́ ẹ sì fi ìròyìn sí i bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe. Ta ló ń bá ta jà, ta ló gbé aṣọ wá tó ní kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ ní ìbàdí, tó ní aṣọ ló súnkì. Mi ò mọ ẹnì kankan tó ń bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn níbí. Lẹ́tà yín nìkan ni mo ní.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá, 1993

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara mi le. Orúnkún mi ò burú. Wọ aṣọ tó nípọn.

Òjò ti dá níbí. Iṣẹ́ ń lọ. Afárá wà níbẹ̀, a ń gba orí rẹ̀ kọjá. Wẹ́dà àti ìyàwó rẹ̀ ń kí ọ. Káfíńtà ń kí ọ.

Ìwé tí o kọ sí bíríkìlà kò bá a nílé. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ìparí oṣù tó kọjá. Kò sọ ìgbà tó máa padà. Mo ti fi ìwé náà ránṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n dá a padà ní lílẹ̀.

Wọ́n ti gbà mí padà sínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe sípò akọ̀wé. Àdéhùn kan ṣoṣo ni wọ́n bá mi ṣe, mo sì gbà. Lẹ́tà yòówù tí mo bá kọ sí ọ, màá kọ́kọ́ kà á sókè ní ìpàdé kí n tó lẹ̀ ẹ́.

Mo ka èyí fún wọn lánàá. Wọ́n ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ìyá rẹ